Ẹrù Tí A Dì, Ẹ̀rù Tó Ń Bà Wá

Bí wọ́n bá kọ ẹrù àti ẹ̀rù láìfi àmì ohùn sí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa jọ lójú. Ọ̀kan wà lórí tàbí lẹ́yìn, èkejì wà láyà. Ká ní ẹnì kan ń múra láti fẹsẹ̀ rìn fún oṣù márùn-ún, tó wá tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa, a ò ní pẹ́ mọ ohun tó ń já a láyà. Ẹni tó kó aṣọ òtútù mẹ́rin, òtútù ló ń sá fún. Ẹni tó kó oògùn bí ẹni fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, àìsàn ni tirẹ̀. Ẹni tó kó ìwé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdánìkanwà ló ń bẹ̀rù.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò pọ̀. Nínú ìwé àwọn tó rin ìrìn jíjìn, orí tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò ni a rò pé ó yẹ ká fara balẹ̀ kà jù: orí ìpalẹ̀mọ́. Òǹkàwé ń kánjú. Ó fẹ́ rí béárì, ó fẹ́ rí yìnyín, ó fẹ́ dé orí òkè. Kí ló kan òun nípa ẹni tó ń ra ìkòkò kékeré àti okùn? Ṣùgbọ́n níbi tí òǹkọ̀wé ti ń to ẹrù gan-an ló ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀, torí kò rò pé a ń wo òun. Tó bá wá dójú ọ̀nà, tí ètò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ohun tó jù sílẹ̀ àti ohun tó kọ̀ láti jù ló máa sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún wa.

Ìwé mẹ́ta àti àwọn àròkọ kan la fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ náà: *A Walk in the Woods* tí Bill Bryson gbé jáde ní 1998, *Wild* ti Cheryl Strayed ní 2012, ohun tí Rahawa Haile kọ ní 2017, àti *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé Àkàrà-ògún kò ra tẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ọ̀nà Amẹ́ríkà ná, a ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà tó ju Èkó sí Kano lọ

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ irú ọ̀nà tí à ń sọ, ẹ gbọ́. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail bẹ̀rẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù Amẹ́ríkà, ó gba inú igbó àti orí òkè ìpínlẹ̀ 14 kó tó parí sí Maine lókè lọ́hùn-ún. Benton MacKaye ló dá àbá rẹ̀ ní 1921. Ní 1937 ni wọ́n la ọ̀nà náà tán. Ó gùn tó nǹkan bí 3,500 kìlómítà. Èyí tí Strayed rìn, Pacific Crest Trail, wà ní ìwọ̀ oòrùn. Láti ẹnu ààlà Mẹ́síkò ló ti gba California, Oregon àti Washington lọ sí ẹnu ààlà Kánádà, ó sì lé ní 4,200 kìlómítà. Èkó sí Kano jẹ́ nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ẹ sì rántí pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, pẹ̀lú ilé àti ìdáná lẹ́yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ rin gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sábà máa ń lo oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí ètò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá yá jù, yìnyín ṣì wà lórí òkè. Bó bá pẹ́ jù, yìnyín ìgbà òtútù mìíràn á bá a kó tó parí. Lórí Pacific Crest Trail, èèyàn 50 ni wọ́n ń fún ní ìwé àṣẹ lóòjọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ìrìn jíjìn láti ẹnu ààlà Mẹ́síkò. Ọ̀pọ̀ ń di oúnjẹ sínú páálí, wọ́n á fi ránṣẹ́ ṣáájú sí ilé ìfìwéránṣẹ́ àwọn ìlú kéékèèké tí wọ́n máa gbà kọjá. Ẹ tiẹ̀ wo páálí yẹn dáadáa. O kọ orúkọ ara rẹ sí i lára, o fi ránṣẹ́ sí ìlú tí o ò dé rí, o ní tó bá di oṣù mẹ́ta sí àkókò yìí, èmi náà á ti débẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó Appalachian Trail sì ti sọ pé nínú èèyàn mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan ló ń parí. Ẹ ro iye páálí tí olóhun kò dé wá gbà.

Ẹrù tí owó rà

Bryson ti gbé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ mẹ́rin tó kó wá sí Amẹ́ríkà. Ìlú Hanover ní New Hampshire ni wọ́n dé sí, ọ̀nà Appalachian sì gba inú ìlú náà kọjá. Ló bá ní òun máa rìn ín. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ibi tó ti gbọ́ pé ohun tí wọ́n fi ń bo báàgì lójú òjò kò sí lára owó báàgì máa pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ra fóònù rí, tí wọ́n wá sọ fún un pé ṣájà kò sí nínú páálí, á mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn.

Lẹ́yìn náà ló ka ìwé nípa béárì tó ń ṣe èèyàn léṣe, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́. Kò sí nǹkan kan nínú gbogbo ohun tó rà tó lè gbà á lọ́wọ́ béárì, òun náà mọ̀. Síbẹ̀, ó ń rà. Ibí yìí ni Bryson ti mú gbogbo wa, kì í ṣe ará Amẹ́ríkà nìkan. Tí ẹ̀rù ohun tí a ò lè ṣe nǹkan kan sí bá ń bà wá, owó la máa ń ná. Ó dùn kà torí pé ó rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe é, kò sì dá ara rẹ̀ sí.

Ẹni tó bá a lọ ni Stephen Katz, orúkọ tó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ nínú ìwé. Katz sanra, kò múra, ṣokoléètì ló fẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí òkè fi mú un, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju oúnjẹ sínú igbó. Gbogbo òǹkàwé ló máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, Bryson náà sì fẹ́ ká rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Katz kò ra nǹkan kan torí ẹ̀rù. Nígbà tí ẹrù wúwo, ó jù ú nù láìro ọ̀la. Ẹrù tí kò lè jù ni èyí tí kò sí nínú báàgì: ọtí tó ti jáwọ́ nínú rẹ̀ kó tó wá. Nígbà tí wọ́n dé Maine, tí Bryson bá bíà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín inú ìwé náà dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ojú ewé díẹ̀ yẹn wúwo ju gbogbo ọ̀rọ̀ béárì lọ, ó sì dùn wá pé Bryson tètè sáré kúrò níbẹ̀.

Ètò wọn ti fọ́ tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Ní Gatlinburg, ìpínlẹ̀ Tennessee, wọ́n rí máàpù ọ̀nà náà lára ògiri. Máàpù ọ̀hún ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Gbogbo ìyà tí wọ́n ti jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí íǹṣì méjì ni lórí rẹ̀. Wọ́n fo apá tó pọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Virginia. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, máìlì 870 ni Bryson rìn. Kò tó ìdajì. Àwọn kan wà tí wọn kò tíì dárí èyí jì í títí dòní.

Àwa kò sí lára wọn. Àròyé tiwa yàtọ̀. Ta ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin ní gbogbo ìgbà tí Bryson wà nínú igbó? Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń juwọ́ síni ló rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A máa bá irú rẹ̀ pàdé níwájú, níbi tí kò ti ní pa wá lẹ́rìn-ín rárá.

Báàgì tí kò ṣeé gbé

Ọmọ ọdún 26 ni Strayed nígbà tó bọ́ sọ́nà ní 1995. Àrùn jẹjẹrẹ ti pa ìyá rẹ̀ ní 1991, ní ọmọ ọdún 45. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú ká. Kò fi ẹrù sẹ́yìn rin ìrìn ọlọ́jọ́ pípẹ́ rí láyé rẹ̀. Ó ra ìwé atọ́nà, ó ra bàtà, ó di páálí, ó fi owó dọ́là díẹ̀ díẹ̀ sínú wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ń bá a fi wọ́n ránṣẹ́ láti ilé. Lójú ìwé, ètò yìí mọ́ gaara.

Ìgbà tó wá ku òun àti báàgì nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní Mojave, tó rọ omi sí gbogbo ike, tó di gbogbo okùn, ó fẹ́ gbé e. Báàgì kò mira. Ó ní láti jókòó sílẹ̀, kó ki apá bọ okùn rẹ̀, kó tó wá bá a jà títí tó fi dìde. Nígbà tó yá, ó sọ báàgì náà lórúkọ: Monster. Nínú fíìmù tí Jean-Marc Vallée ṣe nípa ìwé náà ní 2014, Reese Witherspoon ń yí nílẹ̀ bí ìjàpá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kámẹ́rà sì dúró, ó kàn ń wò ó. A fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Kò sí ẹni tó ń ṣàlàyé nǹkan kan fún wa.

Kí ló wà nínú báàgì yẹn? Ayùn tó ṣeé ká. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Kọ́ńdọ̀mù, tí kò mọ iye tí òun máa lò nínú aṣálẹ̀. Ohun tó yẹ kó wúlò ló kọ́kọ́ já a kulẹ̀: epo tó rọ sínú sítóòfù kì í ṣe irú èyí tí sítóòfù ń lò, torí náà oúnjẹ tútù ló jẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Kennedy Meadows, bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Albert, tó mọ ọ̀rọ̀ ìrìn dáadáa, bá a tú báàgì náà palẹ̀. Ó ń gbé nǹkan sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi í bóyá ó nílò èyí. Ó ṣe bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá ń wo inú fóònù ẹni. Strayed jẹ́ kó kó ohun tó pọ̀ lọ. Ó dọ́gbọ́n fi kọ́ńdọ̀mù kan pamọ́.

Ìwé náà wúwo, ó sì mọ̀. Ó máa ń ya ojú ewé tó bá ti kà tán, á sun ún, kó lè dín ẹrù kù. Àmọ́ ìwé ewì Adrienne Rich kan wà, *The Dream of a Common Language*, tí kò sun. Ó ti kà á, ó tún un kà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sórí. Kò ṣeé jẹ, kò ṣeé mu, kò ṣeé fi bo òjò. Ó gbé e dé òpin. Níbí yìí ni *Wild* ti ju ìwé Bryson lọ lójú tiwa. Bryson sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún wa, ó sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Strayed jẹ́ ká rí ohun tó di ẹ̀rù rẹ̀ mú kó má baà gbé e ṣubú.

Ibi tí ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé Strayed kì í lè fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí a rí. Báàgì wúwo, ọ̀fọ̀ wúwo, a ti gbọ́. Ó tún máa ń padà wá sọ ọ́. Ó dà bí ẹni tó ń pààlọ́ tó tún ń já a fúnra rẹ̀ kí àwọn ọmọdé tó lanu.

Ètò tó fọ́

Ní ọdún tí Strayed rìn, yìnyín pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ lórí òkè Sierra Nevada. Ó fi ọ̀nà sílẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó yí òkè náà po, ó sì padà sọ́nà níwájú. Ojú ń tì í. Àwọn mìíràn ní àwọn máa gba inú yìnyín lọ. Bàtà rẹ̀ kéré jù, èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, bàtà kan já bọ́ láti orí òkè sínú igbó nísàlẹ̀. Ó dúró, ó wò ó, ó ju èkejì tẹ̀ lé e. Ó fi téèpù lẹ sálúbàtà mọ́ ẹsẹ̀, ó ń rìn lọ. Dípò apá tó fò, ó fi Oregon kún ìrìn rẹ̀, ó sì parí sí Bridge of the Gods, afárá kan lórí odò láàárín Oregon àti Washington. Máìlì tó rìn lé ní 1,000.

Àwọn kan á ní kò rìn ín tán, Bryson náà kò rìn ín tán. Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọjà. A tún ní bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí. Kò sí ọgbọ́n tuntun nínú kí èèyàn yí ọ̀nà padà. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ni kó má bo ibi tí ètò ti ya. Ìwé tí gbogbo ètò ti wọlé bó ṣe yẹ kì í ní nǹkan púpọ̀ láti sọ fún ẹni tí ètò tirẹ̀ ti fọ́, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù láyé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan yìí. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, àwọn àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà méjèèjì bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má wá, kí àwọn tó ti wà lójú ọ̀nà sì padà sílé. Àwọn kan ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti kó kúrò nílé, páálí wọn ti wà lọ́nà. Ní 2021, iná ńlá tí wọ́n ń pè ní Dixie Fire jó igbó ní àríwá California, wọ́n sì ti apá kan Pacific Crest Trail pa. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìjì Helene wó igi, ó sì gbé afárá lọ lórí Appalachian Trail. Kò sí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ nínú gbogbo èyí. Ètò wọn dára, ọ̀nà ni kò sí. Ẹ̀yin tí ìdánwò yín ti sún síwájú nítorí ìyanṣẹ́lódì, tàbí tí físà yín ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láìsí àlàyé, ẹ ò nílò ká tú èyí sí ohun mìíràn kó tó yé yín.

Ẹrù, ẹ̀rù, ẹrú

Ọ̀rọ̀ kẹta wà tó jọ àwọn méjì àkọ́kọ́ lójú tí a bá yọ àmì ohùn kúrò. Ẹrú ni. Bryson àti Strayed kò nílò láti mẹ́nu kàn án nínú ìpalẹ̀mọ́ wọn. Rahawa Haile kò rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́.

Haile jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ ti Eritrea wá. Ní 2016, ó dá rin Appalachian Trail láti Georgia dé Maine, ó sì rìn ín tán. Ọdún ìbò ààrẹ ni, ọ̀nà náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí àwọn ìlú kéékèèké tí arìnrìn-àjò ti ń ra oúnjẹ, tó ti ń fọ aṣọ. Nínú irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀, ó ṣì ṣeé ṣe kí èèyàn rí àsíá àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó jagun torí kí oko ẹrú má baà parí. Ìran Haile kò ti oko ẹrú yẹn wá, àmọ́ ta ló ń dúró gbọ́ ìtàn ìran ẹni kó tó wo àwọ̀ ara ẹni?

Nígbà tí a ka Haile lẹ́yìn Bryson, ẹ̀rín béárì yẹn yí padà lẹ́nu wa. Ní ti Bryson, inú igbó ni ewu wà, ìlú sì ni ibi ìsinmi. Haile yí i po. Igbó ló ti ń mí dáadáa. Ìlú ni kó máa wò yí ká kó tó wọ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun tí wọ́n fi ń dá irú ẹ̀rù yẹn dúró, báàgì rẹ̀ ìbá tó mélòó. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ìwé. Ìwé àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ni, lójú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ti ń ju nǹkan nù kí ẹrù lè fúyẹ́. Tó bá kà á tán, á fi í sílẹ̀ ní àgọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń sùn sí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá a níbẹ̀.

Ẹ fi wé Strayed. Ọ̀kan sun ìwé tó ti kà kí ẹrù lè dín kù, ó wá di ọ̀kan mú. Èkejì kò sun nǹkan kan. Ó sọ ẹrù tirẹ̀ di ti ẹlòmíì, ẹni tí kò mọ̀, tí kò sì ní rí láé. Àwọn àròkọ rẹ̀ kúrú, wọn kò tó ìwé kan, ṣùgbọ́n a gbà pé nínú gbogbo àwọn tí a ń sọ yìí, òun ló mọ ohun tí ẹrù wà fún jù.

Kàkó àti ìyàwó rẹ̀

Ó wá kan Àkàrà-ògún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ́kọ́ dá wọ Igbó Irúnmalẹ̀, pẹ̀lú ìbọn, àdá àti oògùn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ojú rẹ̀ rí nǹkan. Nígbà tí ọba wá rán an lọ sí Òkè Lángbòdó, ìrìn tí kò sí ẹni tó mọ bó ṣe jìn tó, kò dá lọ mọ́. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹ wo bí Fágúnwà ṣe kọ orí ìpalẹ̀mọ́ tirẹ̀. Kò ka ìkòkò, kò ka okùn. Èèyàn ló kà. Kàkó, tí kùmọ̀ rẹ̀ kò ní ẹlẹgbẹ́. Ìmọ̀dòye, tí ọgbọ́n wà lórí rẹ̀. Elégbèdè-ọdẹ, tó gbọ́ èdè ẹranko. Olóhùn-iyọ̀, tó ń kọrin. Èfòìyẹ́, tafàtafà. Gbogbo ohun tí Bryson lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù, èèyàn ni Fágúnwà fi dí i. Olóhùn-iyọ̀ ló wà níbi tí ìwé Adrienne Rich wà nínú báàgì Strayed.

Láti ilé ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ wa láti yin ètò yìí. Ìṣọ̀kan ni, wọ́n ní, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún ibi tí wọ́n ti lọ pe Kàkó kà. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Ìyàwó tó fẹ́ gbé di í mú, ó ní kò ní lọ. Kàkó fa àdá yọ, ó sì ṣá obìnrin náà lulẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìrìn-àjò ń bá a lọ.

A ti rí ọ̀pọ̀ òǹkàwé tó ka ibẹ̀ sí àmì pé Kàkó jẹ́ akọni. Wole Soyinka túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, obìnrin náà sì ṣubú nínú ìyẹn pẹ̀lú. Lójú tiwa, kò sí orí ìpalẹ̀mọ́ tó ń dẹ́rù bani jù báyìí lọ nínú gbogbo ìwé mẹ́ta yìí. Katz ju oúnjẹ sínú igbó. Strayed fi ayùn sílẹ̀ fún Albert. Èèyàn ni Kàkó jù sílẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun fúyẹ́, ẹni tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló wá di ẹrù. Bí a bá sì bi ara wa ní ohun tó ń ba akọni yìí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, ìdáhùn wà níwájú wa: ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n lè ní kó dúró sílé.

A kò ní kí ẹ má ka Fágúnwà mọ́. Ó tì o. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ìrìn náà ní iye tó ń gbà: kì í ṣe gbogbo àwọn ọdẹ yẹn ló padà wálé. Nígbà tí wọ́n dé Lángbòdó, ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ni wọ́n jókòó sí fún ọjọ́ méje, tó ń kọ́ wọn ní bí èèyàn ṣe ń gbé pẹ̀lú èèyàn. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n gba inú iná àti iwin kọjá láti lọ gbọ́ ohun tí Kàkó ìbá ti mọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, tó bá jẹ́ pé ó dúró gbọ́ obìnrin yẹn. Bóyá Fágúnwà fẹ́ ká rí i bẹ́ẹ̀, bóyá kò fẹ́. Ìwé ti gbà wá láyè láti rí i.

Torí náà, ìbéèrè tí a máa ń gbé lọ sínú irú ìwé yìí ti di mẹ́ta. Kí ló dì? Kí ló jù sílẹ̀ nígbà tí ọ̀nà le? Ta ló gbé ohun tó jù sílẹ̀ yẹn? Ìbéèrè kẹta ló ń tú àṣírí jù. Ìyàwó Bryson wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ Strayed wà níbẹ̀, tó ń gbé páálí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ fún odindi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ìwé Haile nínú àgọ́ wà níbẹ̀. Ìyàwó Kàkó náà wà níbẹ̀, nílẹ̀.

Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́ ń gun Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ, wọ́n ń ya fọ́tò lórí rẹ̀, fọ́tò náà sì ń dára. A ò tíì rí àròkọ Yorùbá tó sọ ohun tí wọ́n kó sínú báàgì kí wọ́n tó kúrò nílé, ẹni tí wọ́n tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ní òun ń bọ̀ tí kò wá, òjò tó lé wọn padà nígbà àkọ́kọ́, àti ẹni tó bá wọn jókòó ti ìyá tí ara rẹ̀ kò yá kí wọ́n lè lọ. Ẹ kọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú báàgì. Tí ẹ kò bá tiẹ̀ dé orí òkè, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa bẹ́ẹ̀.